Ibi Kan Ṣoṣo Ni Ká Ti Tún Un Ṣe



Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù Kínní ọdún 2021, ni ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, gbogbo nọ́ńbà fóònù ilẹ̀ Côte d'Ivoire yí padà. Èyí tó jẹ́ òǹkà mẹ́jọ tẹ́lẹ̀ di òǹkà mẹ́wàá. Ẹni tó wà lórí Orange, wọ́n fi 07 síwájú nọ́ńbà rẹ̀; ẹni tó wà lórí MTN, wọ́n fi 05 sí i; ẹni tó wà lórí Moov, 01 ni wọ́n fún un. Agboolé wo ló wà ní Èjìgbò níbí tí kò ní ọmọ, àbúrò tàbí bàbá ní Àbíjàn? Inú ọjà wa níbí ni wọ́n ti ń ná séfà, owó ilẹ̀ náà, àwọn ọmọ wa ń sọ Faransé láàárín àdúgbò, ọkọ̀ sì ń gbéra níbí tààrà lọ sọ́hùn-ún. Nítorí náà, bí nọ́ńbà Àbíjàn bá yí, ọ̀rọ̀ ilé wa ni.

Ẹni tó fọwọ́ kọ nọ́ńbà sínú ìwé kàn mú báírò ni, ó fi òǹkà méjì ṣáájú ti tẹ́lẹ̀, ó parí. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà ni nǹkan lè le fún. Mo fẹ́ ká wo ìdí rẹ̀ dáadáa, torí èmi gbà pé níbẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n kíkọ ètò kọ̀ǹpútà wà. Bí ètò bá ń ṣiṣẹ́ lónìí, ìyẹn dára, ṣùgbọ́n kò tíì tó. Ohun tí mo máa ń wò ni pé bí nǹkan bá yí padà nígboro, ṣé ibi kan ṣoṣo la ó ti tún ètò náà ṣe, àbí ogójì ibi?

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ọlọ́kọ̀ kan ní páàkì níbí, tó ń kó èrò lọ sí Àbíjàn, tó ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá òun kọ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa já tíkẹ́ẹ̀tì. Ọmọ náà mọ iṣẹ́, kò sì ya ọ̀lẹ. Ó kọ abala tí akọ̀wé yóò ti máa tẹ orúkọ èrò àti nọ́ńbà ẹni tí yóò wá pàdé rẹ̀ ní Àbíjàn. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé nọ́ńbà náà kò gbọ́dọ̀ dín ní òǹkà 8, kò sì gbọ́dọ̀ lé. Ó dé ibi tí wọ́n ti ń tẹ tíkẹ́ẹ̀tì, ó tún kọ 8, kí ààyè tí nọ́ńbà yóò gbà lórí bébà lè ṣe déédéé. Ó dé ibi tí ètò náà ti ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ fún àwọn ará ilé pé ọkọ̀ ti dé ẹnubodè Elubo, ó tún kọ 8. Ibi tí wọ́n ti ń wá orúkọ èrò tó ti wọkọ̀ rí, 8 náà ni.

Lẹ́yìn tí nọ́ńbà yí padà, ọlọ́kọ̀ pè é pé ètò náà ń kọ nọ́ńbà tuntun. Ọmọ náà jókòó sídìí kóòdù, ó ní kí kọ̀ǹpútà bá òun wá gbogbo 8 tó wà níbẹ̀, kó sọ ọ́ di 10. Kọ̀ǹpútà jíṣẹ́. Ṣùgbọ́n aago mẹ́jọ àárọ̀ ni ọkọ̀ ń gbéra, 8 ni ọmọ náà sì fi kọ ìyẹn pẹ̀lú. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tíkẹ́ẹ̀tì ń sọ fún èrò pé aago mẹ́wàá ni ọkọ̀ yóò ṣí. Ìyá kan fọkàn balẹ̀, ó dé páàkì ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, ọkọ̀ ti gba ọ̀nà Ìwó lọ.

Kì í ṣe pé ọmọ yìí kò mọ ìṣirò. 8 tó kọ síbẹ̀ tọ̀nà lọ́jọ́ tó kọ ọ́. Ohun tó ṣe ni pé ó jẹ́ kí gbogbo ara ilé mọ ohun tó yẹ kó wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ì bá ti ya abala kékeré kan sọ́tọ̀, kó jẹ́ pé abala yẹn nìkan ló mọ bí nọ́ńbà fóònù ṣe ń rí, ìbáà ṣe ti Àbíjàn, ti Kútọnu tàbí ti Nàìjíríà. Abala tó ń gba orúkọ èrò kò ní ka òǹkà kankan. Yóò gbé nọ́ńbà náà fún abala kékeré yẹn, yóò bi í pé, ṣé nọ́ńbà gidi nìyí? Òun náà yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Abala tó ń tẹ tíkẹ́ẹ̀tì yóò ní, bá mi to nọ́ńbà yìí bó ṣe yẹ kí èèyàn kà á. Kò sẹ́ni tó tún ní láti mọ̀ bóyá mẹ́jọ ni tàbí mẹ́wàá. Nígbà tí ilẹ̀ Benin náà wá fi 01 síwájú gbogbo nọ́ńbà tiwọn ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, tí tiwọn náà fi di òǹkà mẹ́wàá, ẹni tó ti ṣètò iṣẹ́ rẹ̀ báyìí, iṣẹ́ ọ̀sán kan ni fún un.

Ọgbọ́n yìí ti wà nílẹ̀ ó ti pẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n David Parnas, tó wà ní yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà nígbà náà, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní oṣù Kejìlá ọdún 1972. Ó mú ètò kékeré kan, èyí tó ń gba ìlà ọ̀rọ̀ wọlé, tó ń yí ọ̀rọ̀ inú wọn po, tó sì ń tò wọ́n ní a, b, d, kó lè rọrùn láti wá nǹkan. Ọ̀nà méjì ló gbà pín ètò yìí sí abala. Lọ́nà kìíní, ó tẹ̀ lé bí iṣẹ́ ṣe ń lọ: abala kan ń kà á wọlé, èkejì ń yí i po, ẹ̀kẹta ń tò ó, ẹ̀kẹrin ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Lọ́nà kejì, kò wo bí iṣẹ́ ṣe ń tẹ̀ léra rárá. Ó bi ara rẹ̀ pé, ìpinnu wo ló ṣòro níbí, èwo ló sì ṣeé ṣe kó yí padà lọ́la? Ó wá fi ìpinnu kọ̀ọ̀kan pamọ́ sínú abala tirẹ̀, kí àwọn yòókù má mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó wo iye abala tí a ó fọwọ́ kàn bí nǹkan kan bá yí, ọ̀nà kejì fi ẹ̀yìn èkíní gbálẹ̀.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn torí pé ó lòdì sí bí ọkàn wa ṣe máa ń pín nǹkan. Ẹ sọ pé kí ẹnikẹ́ni pín ètò ọkọ̀ Àbíjàn, bí ọkọ̀ ṣe ń rìn ni yóò ṣe pín in: Èjìgbò, lẹ́yìn náà àwọn ẹnubodè Sèmè, Hillacondji, Aflao, Elubo títí dé Noé. Ó bọ́gbọ́n mu létí. Ṣùgbọ́n ẹ wo owó. Náírà la fi kúrò nílé. A dé Sèmè, ó di séfà. A dé Aflao, ó di sídì. A wọ Noé, séfà tún dé. Bí abala ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan bá ń ṣírò owó tirẹ̀, ìmọ̀ owó ti fọ́n ká gbogbo ètò náà nìyẹn, bí 8 ìṣáájú ṣe fọ́n ká.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí owó díẹ̀, torí òun ló ń yí padà jù lọ lágbègbè wa. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kínní ọdún 1973, Nàìjíríà fi pọ́n-ùn sílẹ̀, pọ́n-ùn kan di náírà méjì. Ní oṣù Kínní ọdún 1994, wọ́n gé agbára séfà sí ìdajì: àádọ́ta séfà ló ń jẹ́ fáráǹkì Faransé kan tẹ́lẹ̀, ó di ọgọ́rùn-ún. Àwọn àgbà tó ń ṣòwò ní Treichville, ní Àbíjàn, nígbà yẹn kò ní gbàgbé ọ̀sẹ̀ náà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2007, Gánà yọ òdo mẹ́rin kúrò lára owó wọn, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sídì di sídì kan. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ilé ìfowópamọ́ àpapọ̀ Nàìjíríà tú náírà sílẹ̀ kó máa wá iye rẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́jà, gbogbo wa la sì mọ bó ṣe já wálẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí ojú kì í tètè rí. Náírà ní kọ́bọ̀. Nínú kọ̀ǹpútà, kọ́bọ̀ la sábà máa ń fi pa owó mọ́ kí ìṣirò má bàa gé sí wẹ́wẹ́, tí náírà 5,000 yóò fi wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí 500,000. Séfà kò ní irú ìyẹn tí ẹnikẹ́ni ń ná. Bí owó bá jẹ́ 25,000 séfà, 25,000 náà ni. Ètò tó bá ti gbà pé òǹkà méjì tó kẹ́yìn lára owó gbogbo ni kọ́bọ̀ yóò ka 25,000 séfà yẹn sí 250. Ẹ fojú inú wo akọ̀wé páàkì tó ń ṣàlàyé ìyẹn fún èrò ní ìdájí. Bó bá jẹ́ pé abala owó kan ṣoṣo ló wà, tó mọ̀ pé náírà ní kọ́bọ̀, séfà kò ní, sídì ní tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní pẹ́sẹ́wà, a ó ti tún un ṣe níbẹ̀, gbogbo ètò yóò sì gbọ́.

Orúkọ náà bẹ́ẹ̀. Ọlátúnjí tí wọ́n bí ní Èjìgbò lè máa jẹ́ Olatunji nínú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, kí ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ tí wọ́n bí sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sọ Faransé máa jẹ́ Olatoundji. Ibi kan ni kí ètò ti mọ̀ pé orúkọ méjèèjì lè jẹ́ ọ̀kan.

Ní báyìí, tí a bá ti pín in, báwo ni àwọn abala yóò ṣe máa bá ara wọn lò? Ẹ lọ dúró nídìí àwọn tó ń lọ ata nínú ọjà. Ẹ́ńjìnnì oní-dísù wà lápá kan, ẹ̀rọ tó ń lọ ata wà lápá kejì, bẹ́líìtì ló so wọ́n pọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, tí iná bá sì wà, ẹni tó ń lọ ata lè gbé mọ́tò oní-iná síbẹ̀, kó fi bẹ́líìtì kan náà kọ́ ọ, kó máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ̀rọ ìlọta kò béèrè bóyá dísù ni tàbí iná. Ohun kan ṣoṣo tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yíyí tí bẹ́líìtì ń yí i. Ká ní wọ́n ti jó ẹ́ńjìnnì mọ́ ẹ̀rọ ìlọta lára ni, ọ̀dọ̀ wẹ́dà ni wọn ì bá máa gbé e lọ ní gbogbo ìgbà. Nínú ètò kọ̀ǹpútà, ohun tó yẹ kó máa gba àárín abala méjì kọjá kò gbọ́dọ̀ pọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ṣe kedere.

Ilé iṣẹ́ ìsanwó Paystack fi èyí hàn dáadáa. Shola Akinlade àti Ezra Olubi ló dá a sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 2015, ilé iṣẹ́ Stripe sì rà á lọ́dún 2020. Ẹni tó ń ta ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní láti mọ bí báńkì ṣe ń bá báńkì sọ̀rọ̀. Yóò fi iye owó ránṣẹ́, ní kọ́bọ̀ o, àti ímeèlì oníbàárà, yóò sì gbọ́ èsì pé owó wọlé tàbí kò wọlé. Gbogbo wàhálà tó wà lẹ́yìn ìyẹn fara sin. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi kún un fún ẹ̀yin tó ń lò ó tàbí tó ń lo irú rẹ̀: ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ ilé iṣẹ́ kankan wà káàkiri inú kóòdù yín. Ẹ kọ abala ìsanwó tiyín, kó jẹ́ òun nìkan ni yóò máa bá wọn sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, abala yẹn nìkan lẹ ó pààrọ̀.

Ọ̀rọ̀ síso abala pọ̀ yìí náà ti pẹ́. Ní ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà, níbi tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie ti bẹ̀rẹ̀ ètò Unix lọ́dún 1969, ẹnìkan wà tó ń jẹ́ Doug McIlroy. Láti ọdún 1964 ló ti ń sọ pé ó yẹ kí á lè so ètò kékeré mọ́ ètò kékeré, kí ohun tó jáde láti inú ọ̀kan ṣàn wọnú èkejì. Ọdún 1973 ni wọ́n tó ṣe é fún un. Láti ìgbà náà, ẹ lè mú orúkọ gbogbo èrò oṣù yìí, kí ètò kan tò wọ́n, kí èkejì yọ orúkọ tó wá lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ̀kẹta ka iye tó kù. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó gbọ́ nípa Èjìgbò rí, síbẹ̀ wọ́n ṣiṣẹ́ Èjìgbò. Unix yẹn ni Linus Torvalds fi ṣe àwòkọ́ṣe nígbà tó bẹ̀rẹ̀ Linux lọ́dún 1991, Linux yẹn ló sì wà nísàlẹ̀ fóònù Android tí ọ̀pọ̀ nínú yín mú lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì UNIOSUN tó wà ní ọgbà Èjìgbò náà wà nínú rẹ̀, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi níbí. Ẹ ó rí fídíò lórí YouTube tó ń sọ pé kí ẹ gé ètò sí wẹ́wẹ́, kí wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan gbé lórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà, tirẹ̀, kí wọ́n máa fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Irú ilé iṣẹ́ bí Amazon àti Netflix ń ṣe bẹ́ẹ̀ torí ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn ló ń kọ kóòdù pa pọ̀ níbẹ̀, wọn kò sì fẹ́ kí ẹnì kan dí ẹnì kejì lọ́wọ́. Ọlọ́kọ̀ tó ní ọkọ̀ díẹ̀ ní páàkì kò nílò rẹ̀. Abala tó wà nínú ètò kan náà ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìgba ojú nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá. Bí ẹ bá fọ́n wọn ká orí sáfà mẹ́fà, ẹ ti fi ọ̀pọ̀ ibi tí nǹkan ti lè já kún iṣẹ́ yín, nílùú tí a kò lè fi gbogbo ara gbára lé iná, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń lọ bó ṣe wù ú. Èrò mi ni pé kí ẹ pín in láàárín ara rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó wà lójú kan. Kọ̀ǹpútà kan, ètò kan, àmọ́ kí abala inú rẹ̀ mọ ààlà ara wọn.

Ẹ má sì ṣe kọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè. Mo ti rí kóòdù tí wọ́n ti pèsè ààyè fún owó Jápáànù sínú rẹ̀, nígbà tí onísọ́ọ̀bù tó ni ín kì í gba ohunkóhun ju náírà lọ. Èyí kò ta ko ohun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Bí owó bá ti wà ní ojú kan, ẹ kò ní láti ṣe wàhálà ọ̀la lónìí.

Abala tó dá dúró ní ewu tirẹ̀ náà, pàápàá bí a bá gbé e láti inú ètò kan bọ́ sínú òmíràn. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1996, àwọn ará Yúróòpù rán rọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun tí wọ́n ń pè ní Ariane 5 lọ sókè láti Kourou, ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tó fi fọ́ yángá lójú ọ̀run. Abala kan tó ń sọ fún rọ́kẹ́ẹ̀tì ibi tó kọjú sí, inú Ariane 4 ni wọ́n ti gbé e wá, kò sì ṣe wọ́n ní jàǹbá rí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n eré tí rọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun yìí ń sá yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, òǹkà kan wá tóbi ju àpótí tí wọ́n ní kó wọ̀ lọ, abala náà sì kú. Ìkejì rẹ̀ tí wọ́n gbé síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àdìpèlé kú bákan náà, torí kóòdù kan náà ló wà nínú rẹ̀. Ibi tí agbára abala yẹn mọ kò hàn sí àwọn tó gbé e sínú rọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun.

Ẹ má rò pé rọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan ló ń rí irú rẹ̀. Àpótí òǹkà kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí àwọn olùkọ ètò máa ń lò dáadáa, èyí tí kò lè gba ju 2,147,483,647 lọ. Bí ẹ bá ń fi kọ́bọ̀ pa owó mọ́ sínú rẹ̀, ìyẹn jẹ́ náírà mílíọ̀nù mọ́kànlélógún àti díẹ̀. Nígbà kan, oníṣòwò kékeré wo ni yóò ní iye yẹn lórí ìlà kan? Lónìí, ọkọ̀ ẹrù kan lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá kọ abala owó, ẹ kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní èdè tó yéni: iye tí mo lè gbà nìyí, bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, n óò kọ̀ ọ́, n óò sì pariwo.

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀yin tó ń sanwó kí wọ́n kọ ètò fún yín, ẹ kò ní láti mọ kóòdù kí ẹ tó lè yẹ iṣẹ́ wò. Àwọn olórí orílẹ̀-èdè ECOWAS ti dá ọdún 2027 gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí owó kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní eco yóò jáde. Bó bá dé lọ́dún yẹn, bó bá pẹ́ kó tó dé, ẹ lo orúkọ rẹ̀ báyìí. Kí ẹ tó san ìyókù owó iṣẹ́, ẹ pe ẹni tó kọ ètò náà kó wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ ní kó fi eco kún owó tí ètò náà mọ̀, kó dá iye kan sí i, kó sì já tíkẹ́ẹ̀tì kan fún yín. Ẹ máa ka fáìlì tó bá ṣí. Bó bá ṣí ẹyọ kan, tí tíkẹ́ẹ̀tì sì jáde bó ṣe yẹ, ẹ san owó rẹ̀ pé. Bó bá ṣí èkejì, ẹ bi í pé kí ni owó ń wá níbẹ̀. Bó bá fi dé ẹ̀kẹrin, ẹ jẹ́ kó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ padà sílé, kó lọ kó gbogbo ọ̀rọ̀ owó jọ sójú kan, kó tó padà wá gba èyí tó kù.